Mò ń wá ẹ, C gbé ù lé mi lọ́wọ́

Ẹ ṣí terminal yín, ẹ kọ ìlà kan péré ní èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ C, strchr("ìlù", 'ẹ'), ìyẹn ni pé kó bá yín wá ẹ nínú ìlù, kẹ́ ẹ jẹ́ kí gcc, compiler tó ń sọ kóòdù di program, bá yín compile ẹ̀. Kò sí ẹ kankan nínú ìlù, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ABD mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ strchr ò ní dá NULL padà, ìyẹn “kò sí”, pointer tó ń tọ́ka síbì kan nínú ọ̀rọ̀ náà ló máa fún yín, á ní òun ti rí i. Ẹ nínú ìlù! Gcc á kàn kùn díẹ̀, á kọ multi-character character constant, warning lásán ni, àwa náà dẹ̀ mọ bá a ṣe ń fojú fo warning. Clang, compiler míì, ò gbà ṣá, òun á ní lẹ́tà yẹn ti tóbi jù, kò ní compile ẹ̀ rárá, mo dẹ̀ rò pé clang ló gbọ́n jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ṣòro láti lóye. Lójú C, char kan jẹ́ báìtì kan, ó parí. Bell Labs ni Dennis Ritchie ti ṣe èdè yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, gbogbo lẹ́tà tí Òyìnbó ibẹ̀ nílò ló wọ inú báìtì kan tí àyè ṣì ṣẹ́ kù. Ẹ tiwa ò wọ̀ ọ́. Nínú UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, báìtì mẹ́ta ni, tá a bá fi hexadecimal kọ ọ́: E1 BA B9. Tẹ́ ẹ bá wá fi single quote yí i ká, gcc á di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú int kan, ìyẹn nọ́ńbà tó gbà ju báìtì kan lọ, strchr á gba int yẹn, á sọ ọ́ di char, ìyẹn ni pé á gé iwájú ẹ̀ sọnù, ó ku B9 nìkan. B9 yìí ló máa wá kiri. Kí wá ni ù? C3 B9. Ó ti bá a nìyẹn.

Ẹ má rò pé ù nìkan ni o. Ǹ tó wà láàárín kọ̀ǹpútà, C7 B9 ni, òun náà á jẹ́ ẹ. Ṣ kékeré jẹ́ E1 B9 A3, B9 wà láàárín ẹ̀, òun náà á jẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ ọ lẹ̀ ń wá, báìtì tó kẹ́yìn ẹ̀ ni 8D, Í ńlá dẹ̀ rèé, C3 8D. Tó bá jẹ́ ṣ lẹ̀ ń wá, báìtì tó kẹ́yìn ẹ̀ ni A3, àmì ìsàlẹ̀ tó dá dúró, U+0323 (nọ́ńbà ẹ̀ nínú Unicode, àkójọ tó ń fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà), CC A3 lòun náà, torí náà tí ẹnì kan bá tẹ ẹ ní e kó tó wá fi àmì sí i lábẹ́ lọ́tọ̀, ṣ máa jáde níbẹ̀. Nígbà tí mo to gbogbo ẹ̀ sórí bébà ẹ̀rín ló pa mí, àfi bíi pé ẹnì kan jókòó tó dìídì dájú sọ Yorùbá.

Àwọn ẹbí strchr náà ò sàn jù ú lọ. strpbrk(s, "ẹọṣ"), ẹ lè rò pé lẹ́tà mẹ́ta lẹ ní kó wá, báìtì mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ kó fún un, ú tó jẹ́ C3 BA á kàn wọ inú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí BA wà nínú ẹ. strspn náà bẹ́ẹ̀. strtok ló tiẹ̀ burú jù torí ìyẹn ò kàn ń wò, ó ń kọ odo síbi tó bá ti rí ohun tó ń wá, á gé ú sí méjì, C3 á dá wà ní ìparí apá kan, ohun tẹ́ ẹ máa rí lójú screen ni dáyámọ́ńdì dúdú tó ní àmì ìbéèrè nínú.

Àwọn kan wá máa ń sọ pé ó dáa, àwọn á fúnra àwọn wo báìtì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ if (s[i] == 0xBA). Lórí laptop Intel yín, ìlà yẹn ò ní jẹ́ òótọ́ láéláé. Char ibẹ̀ ní àmì òdì, BA tó wà nínú string jẹ́ -70, 0xBA tẹ́ ẹ kọ jẹ́ 186, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ dọ́gba? Ẹ wá gbé kóòdù kan náà lọ sórí Raspberry Pi, ó ń ṣiṣẹ́, torí char ARM lórí Linux kò ní àmì òdì. Ẹni tí ò bá mọ̀ á ní Raspberry Pi ló dáa jù. Unsigned char ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ dà kẹ́ ẹ tó fi wéra, nígbà gbogbo, kò sí ìgbà tí ìyẹn ò yẹ.

Kí lèèyàn wá máa lò? strstr, tó ń wá odindi string kan nínú òmíì. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ rò ó dáadáa, torí function àtijọ́ ni, kò mọ Unicode rí, báìtì lòun náà ń kà, síbẹ̀ strstr(s, "ẹ") pẹ̀lú double quote ò ní purọ́ fún yín pé ù ni ẹ, kò lè ṣẹlẹ̀, tí string méjèèjì bá ṣáà ti jẹ́ UTF-8 tó péye. Bí wọ́n ṣe ṣe UTF-8 fúnra ẹ̀ ló fà á. Báìtì tó jẹ́ ASCII, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán, wà láàárín 00 sí 7F, èyí tó ń ṣíwájú lẹ́tà tó ju báìtì kan lọ wà láàárín C2 sí F4, àwọn tó ń tẹ̀ lé e wà láàárín 80 sí BF, kò sí èyí tó bọ́ sí ààlà ara wọn. Bí aṣọ ẹbí ni, ìyàwó lágbo tiẹ̀, ọkọ lágbo tiẹ̀, ẹnu ọ̀nà yòówù kẹ́ ẹ gbà wọ hall, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ́ ẹbí ta. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E1 ò lè bá ohun tó wà láàárín lẹ́tà míì mu láé.

Ìyẹn ò ṣèèṣì. Oṣù Kẹsàn-án 1992, ní ilé oúnjẹ kan ní New Jersey, lálẹ́ ọjọ́ kan, Ken Thompson ti Bell Labs ya bí àwọn báìtì ṣe máa tò sórí bébà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àwo, Rob Pike wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Ìlànà kan ti wà nílẹ̀ tí àwọn X/Open, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ Unix, fẹ́ gbé jáde, ohun tí àwọn méjèèjì sì rí tó kù síbẹ̀ ni pé tí èèyàn bá já bọ́ sáàárín string, kò ní tètè mọ ibi tí lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwákiri gan-an nìyẹn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ti gbé gbogbo Plan 9, operating system tiwọn ní Bell Labs, sórí tuntun yìí. Ìdí tí strstr ò fi ń ṣi ẹ mú lónìí nìyẹn, tẹ́ ẹ bá dẹ̀ wà láàárín string tẹ́ ẹ fẹ́ mọ ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tẹ́ ẹ wà lórí ẹ̀, ẹ ṣáà máa yí padà sẹ́yìn níwọ̀n ìgbà tí (b & 0xC0) == 0x80, kò lè ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ.

Ẹ wo ohun tí ojú àwọn ará Japan rí kí UTF-8 tó gbilẹ̀, ẹ máa dúpẹ́. Shift_JIS ni Windows ń lò níbẹ̀, báìtì kejì lẹ́tà sì lè jẹ́ 5C, 5C yìí kan náà ni backslash ASCII. 表 jẹ́ 95 5C. ソ jẹ́ 83 5C. 能 jẹ́ 94 5C. Program C tó bá ń fi strrchr wá backslash tó kẹ́yìn nínú path láti mọ ibi tí orúkọ fáìlì ti bẹ̀rẹ̀, á kàn já kanji sí méjì, á sì ní kò sí fáìlì bẹ́ẹ̀. Dame moji ni wọ́n ń pe àwọn lẹ́tà yẹn. strstr gan-an ò ṣeé gbára lé níbẹ̀ torí báìtì kejì lẹ́tà kan àti báìtì àkọ́kọ́ lẹ́tà tó tẹ̀ lé e lè para pọ̀ di lẹ́tà kẹta tí ò sí níbẹ̀, ìyẹn ni Microsoft ṣe kó _mbschr àti _mbsstr sínú library wọn, àwọn yẹn ń ka string láti ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n má bàa ṣìnà. Àwọn ará China rí tiwọn pẹ̀lú GBK, ìlànà tí wọ́n fi ń sọ lẹ́tà wọn di báìtì: addslashes ti PHP á rí BF 27 (27 ni quote), á fi 5C sáàárín láti dáàbò bo quote, GBK á gbà BF 5C bíi lẹ́tà kan, quote á bọ́ síta, SQL injection ti wọlé, ìyẹn kí àjèjì ti àṣẹ tiẹ̀ bọ inú database.

UTF-8 náà ní ibi tí wọ́n ti fi gún èèyàn lójú. Oṣù Kẹwàá 2000, ó hàn gbangba pé IIS, web server ti Microsoft, ń wá slash nínú URL kó tó tú UTF-8 ẹ̀, àwọn kan bá ń kọ slash ní báìtì méjì, C0 AF, ayẹ̀wò ò rí slash kankan, ó jẹ́ kó kọjá, ẹni tó wá tú u lẹ́yìn náà rí slash, wọ́n fi jáde kúrò nínú folder website wọ inú kọ̀ǹpútà. Nimda, worm tó jà ní oṣù Kẹsàn-án 2001, gba ọ̀nà yẹn náà. RFC 3629 ti 2003, ìwé ìlànà UTF-8, sọ ọ́ gbangba pé C0 àti C1 ò gbọdọ̀ sí nínú UTF-8 rárá. Torí náà kẹ́ ẹ tó wá ohunkóhun nínú string tó ti ìta wá, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó péye. Mo mọ̀ pé ó ń súni.

Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá béèrè nípa gbogbo eléyìí, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé kẹ́ ẹ fi char sílẹ̀, kẹ́ ẹ lọ lo wchar_t, tó fẹ̀ ju báìtì kan lọ. Setlocale(LC_ALL, "") lókè main, torí láìsí ìyẹn locale (ètò èdè àti orílẹ̀-èdè) "C" ni program máa fi bẹ̀rẹ̀, mbrtowc láti tú báìtì sí wchar_t lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, wcschr láti wá a. Ó ti wà láti 1995 tí wọ́n fi àtúnṣe sí ìlànà C. Glibc, library C ti Linux, tiẹ̀ ní locale yo_NG, ti Yorùbá Nàìjíríà, inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Mbrtowc náà ò burú, á dá -1 padà tí báìtì bá bàjẹ́, á dá -2 padà tí lẹ́tà ò bá tíì parí, ìyẹn wúlò gan-an tẹ́ ẹ bá ń ka fáìlì díẹ̀díẹ̀ tí buffer gé ẹ láàárín. Ọ̀rọ̀ Windows ni mi ò ní fẹ́ sọ púpọ̀, wchar_t ibẹ̀ jẹ́ bit 16, ti Linux jẹ́ 32, ẹni tó bá ń kọ kóòdù fún méjèèjì mọ ohun tójú ẹ̀ ń rí.

Àmọ́ ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ fi wcschr wá ọ́ ná. Kò ṣeé kọ. Ẹ wo ọ́ tí mo tẹ̀ yẹn dáadáa, ẹyọ kan ni lójú yín, méjì ni lójú Unicode: ọ, U+1ECD, lẹ́yìn náà àmì òkè tó dá dúró, U+0301. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́, kò sí fún ọ̀, kò sí fún ẹ́, kò sí fún ẹ̀. Wcschr ń wá nọ́ńbà kan, a ní méjì. Gbogbo ìgbìyànjú wchar_t yẹn gbé yín kúrò ní báìtì, ó sọ yín kalẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà sí lẹ́tà.

Ẹ ka kọ̀ǹpútà: strlen á ní 14, wcslen á ní 8, èmi tí mo mọ èdè náà ní 7. Ẹni méje ló wà níbẹ̀, k, ọ̀, ǹ, p, ú, t, à.

Ìdí tí ẹ àti ọ tiẹ̀ fi ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ Vietnam ni. Abala tí wọ́n wà, láti U+1EA0 dé U+1EF9, lẹ́tà Vietnam ni wọ́n kó síbẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ jẹ́ ohùn lọ́dọ̀ wọn, a kàn jàǹfààní ni. Nílé wọn ộ jẹ́ nọ́ńbà kan. Tiwa tó ní ohùn lókè àti àmì nísàlẹ̀ kò sí nínú ohun tí wọ́n kó, ìlẹ̀kùn dẹ̀ ti tì báyìí, Unicode ti ní àwọn ò ní fi lẹ́tà tó ti ṣeé tò pọ̀ kún un mọ́ kí normalization, ìyẹn sísọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ lẹ́tà kan náà di ọ̀kan, má bàa dàrú. Ḿ jẹ́ nọ́ńbà kan, m̀ jẹ́ méjì. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún olùkọ́ Yorùbá.

Ibi tí gbogbo eléyìí ti wá dun èèyàn ni pé kò dàrú bákan náà fún gbogbo lẹ́tà. Tí mo bá fi strstr wá "o" nínú "ó", kò rí i, torí ó jẹ́ C3 B3, kò sí 6F níbẹ̀. Tí mo bá wá "ọ" nínú "ọ́", ó rí i, torí ọ ló ṣíwájú, àmì òkè kàn tẹ̀ lé e ni. Ìyẹn ni pé search yín ka ohùn sí lórí o, kò kà á sí lórí ọ, ẹnikẹ́ni ò dẹ̀ jókòó pinnu bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe to báìtì ló pinnu ẹ̀. Ẹ wá ọkọ nínú fáìlì ọ̀rọ̀: á gbé ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko wá, á gbé ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ wá, àmọ́ ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun ò ní jáde torí àmì òkè já wọ àárín ọ àkọ́kọ́ àti k. Mo ń kọ search fún àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kékeré kan nígbà tí mo rí eléyìí, òun ló jẹ́ kí n gbà pé kì í ṣe function wo ni mo máa pè ni ìbéèrè, kí ni mo ń pè ní lẹ́tà gan-an ni ìbéèrè.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí, ní ṣókí. Kí search tó bẹ̀rẹ̀ rárá, gbogbo string á gba normalization kọjá, àti èyí tí mo ń wá àti èyí tí mo ń wá a nínú ẹ̀, torí ọ́ kan náà lè dé bíi E1 BB 8D CC 81, ó lè dé bíi 6F CC A3 CC 81, tí kíbọọ̀dù ẹnì kan bá dẹ̀ kọ́kọ́ fi ohùn sí i kó tó fi àmì sábẹ́, á dé bíi C3 B3 CC A3. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà lójú. NFC, irú normalization tó ń to wọn pọ̀, á sọ gbogbo wọn di ti àkọ́kọ́. C fúnra ẹ̀ ò ní function fún un, library utf8proc ni mo ń lò torí ó kéré, libunistring ti GNU náà wà, ICU wà fún ẹni tó ní àyè. Orúkọ fáìlì láti Mac àtijọ́ tó ń lo HFS+ ní tiẹ̀ máa ń dé ní títú palẹ̀, e lọ́tọ̀, àmì lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn strstr, kí n wá wo ohun tó tẹ̀ lé e:

static int ami(const char *p) {
    unsigned char a = p[0], b = a ? p[1] : 0;
    return (a == 0xCC && b >= 0x80) ||
           (a == 0xCD && b >= 0x80 && b <= 0xAF);
}

const char *wa(const char *s, const char *k) {
    size_t n = strlen(k);
    if (n == 0) return NULL;
    for (; (s = strstr(s, k)) != NULL; s += n)
        if (!ami(s + n)) return s;
    return NULL;
}

CC 80 dé CD AF ni U+0300 dé U+036F, ibẹ̀ ni àwọn àmì tó ń gun lẹ́tà wà. Tí ọ̀kan nínú wọn bá tẹ̀ lé ohun tí mo rí, lẹ́tà náà ò tíì parí, mo máa tẹ̀ síwájú. Ọkọ á wá jẹ́ ọkọ nìkan. Kò sí wchar_t níbẹ̀, kò sí setlocale, ó ń sáré.

Àmọ́ ìyẹn fún ẹni tó tẹ àmì ni o. Ta ló ń tẹ àmì lórí fóònù? "oko" ni wọ́n máa tẹ̀, wọ́n dẹ̀ ń retí ọkọ̀. Torí náà mo ní ẹ̀dà kejì gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tú palẹ̀ sí NFD tí mo ju àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ nù, tí ohun tí èèyàn tẹ̀ ò bá ní àmì kankan, ibẹ̀ ni mo máa wò, tó bá fi àmì kan ṣoṣo sí i, mo gbà pé ó mọ ohun tó ń wá, mo á lọ sí ẹ̀dà tó ní àmì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ó yẹ kí àmì ìsàlẹ̀ máa wà nígbà gbogbo torí o àti ọ kì í ṣe lẹ́tà kan náà. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ òun gan-an kì í tẹ̀ ẹ́ lórí WhatsApp.

Èyí tí normalization ò lè wò sàn ni àwọn tó fi ìlà kékeré dípò àmì sí ìsàlẹ̀, o̩ àti e̩ àti s̩, U+0329 nìyẹn, CC A9. Lójú Unicode ohun tó yàtọ̀ pátápátá ni, NFC ò ní fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló kún fún un. Ọwọ́ ni mo fi ń pààrọ̀ ẹ̀ sí CC A3 kí normalization tó bẹ̀rẹ̀, méjèèjì jẹ́ báìtì méjì, string ò gùn sí i, ò kúrú.

Ó ku gb. Lẹ́tà kan ni nínú ábídí wa, báìtì méjì ni, ASCII pọ́ńbélé, kò sí àmì kankan lórí ẹ̀, strchr(s, 'g') dẹ̀ máa mú un nínú gbogbo bíi pé g ni. Unicode ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀ níbi tí mo ti ń wá a, locale ló yẹ kó mọ̀ ọ́n, àmọ́ strchr kì í béèrè lọ́wọ́ locale. Mo kàn ń wo ohun tó tẹ̀ lé g, tó bá jẹ́ b, mo fò ó. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan tí g àti b ti tẹ̀ léra tí kì í ṣe gb, àfi tí ẹnì kan bá lọ kọ rugby síbẹ̀.